Ọjọ́ Tí Fíùsì Kò Jó

Ewúrẹ́ ni ó kọ́kọ́ kú. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n rí i lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì páànù tí wọ́n ti ń wọn òwú, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin na gbọọrọ, kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Nígbà tí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà kọjá díẹ̀, Wahab, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ru àpò òwú, lọ ṣe àlùwàlá ìrun àìlà ní ibi kan náà. Kò padà wá. Àwọn tí ó lọ wò ó bá a ní ìdojúbolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, búta àlùwàlá rẹ̀ dà nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, a ti ti Raliat olóúnjẹ mọ́lé.

Èmi Adétòkunbọ̀ ni mo kọ ìwé ẹ̀sùn rẹ̀. Ọdún 1934 ni, ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ ní Sáríà, mo sì jẹ́ akọ̀wé àti ògbufọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá Sábọ́n Gàrí. Bí mo ti ń kọ ọ́, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti rú mi lójú. Raliat ni opó ẹ̀gbọ́n Wahab. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni Wahab ti ń sọ pé òun yóò mú Sarat, ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin náà bí, lọ sí Ìlọrin lọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, lójú gbogbo èrò tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ òwú, Raliat sọ fún un pé, "Kí o tó gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi, ọ̀kan nínú wa á ti sùn sábẹ́ ilẹ̀." Ní ọjọ́ kejì, Wahab jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kú. Ewúrẹ́ náà ńkọ́? Àwọn ènìyàn ti rí i láàárọ̀ tí ó ń jẹ ewé ẹ̀kọ tí Raliat jù sílẹ̀. Ọ̀gá wa òyìnbó ní obìnrin náà ti kọ́kọ́ fi ewúrẹ́ dán májèlé rẹ̀ wò ni. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin ọjọ́ Àbámẹ́ta gbé e lọ sí Kàdúná.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta náà ni Bàbá Gilbert Oyèbámijí wọlé tọ̀ mí wá.

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi gun òpó wáyà tẹligíráàmù láti Ọ̀ṣogbo dé Kánò kí ó tó fẹ̀yìn tì sí àdúgbò Tudun Wada. Ìjọ kan náà ni a jọ ń lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá wa ti ránṣẹ́ pè é rí nígbà tí àwọn olè gé wáyà ìjọba, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ó sì mú wa dé ẹnu ọ̀nà ilé olè. Ó tinrín, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀, kò sì sí ohun tí a kà sí i létí tí í bọ́ sọnù.

"Ọmọ mi, ka ìwé obìnrin náà fún mi."

"Bàbá, wọn ò gbà wá láyè láti kà á fún ará ìta."

"Bí ọkọ̀ bá ti gbé e lọ, ta ni yóò tún kà á?"

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ dókítà tí ó yẹ òkú Wahab wò, ó gbé ìka sókè.

"Tún ibẹ̀ kà."

"'Iléròrò funfun kan ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, kò ju hóró àgbàdo lọ. Òmíràn bẹ́ẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àmì iṣẹ́ ẹrù rírù.'"

"Àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ru àpò òwú nísinsìnyí?"

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbólóhùn náà, n kò sì rò ó wò lẹ́ẹ̀kan.

* * *

Nínú yàrá àtìmọ́lé, ojú Raliat ti jìn wọnú. Kò fẹnu kan ẹ̀kọ tí wọ́n gbé fún un láti àná. Nígbà tí ó rí Bàbá Gilbert, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì jókòó padà sórí ẹní.

"Ìyá Sarat, ta ni ó jẹ nínú ìkòkò rẹ ní Ọjọ́bọ̀?"

"Láàárọ̀, gbogbo èrò ni. Lọ́sàn-án, ó ku abọ́ méjì. Mo bu ọ̀kan fún Wahab, mo bu èkejì fún Ajíbọ́lá tí ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì. Ẹja kan náà ni mo gé sí méjì. Ajíbọ́lá ni mo fún ní orí, orí ni ó máa ń béèrè."

"Ẹ jà ní Ọjọ́rú, o tún bu oúnjẹ fún un ní Ọjọ́bọ̀?"

Ó wo bàbá bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. "Àbúrò ọkọ mi ni, Bàbá. Ṣé kí n wá fi ebi pa á ni?"

Mo yẹ ìwé mi wò. Ajíbọ́lá ti sọ fún wa pé inú ń run òun lọ́jọ́ náà, pé òun kò tọ́ oúnjẹ náà wò, òun kàn dà á nù ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ó de Raliat mọ́lẹ̀ jù, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí ó jẹ nínú ẹja ọ̀sán náà tí ó sì wà láàyè láti jẹ́rìí.

"Ta ni ó gba abọ́ Ajíbọ́lá padà?" ni bàbá bi í.

"Ẹ ti mú mi nígbà yẹn. Ẹ bi Mọbọ́lá tí ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Bàbá dìde. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù. Ó wo ojú aago tí ó wà lára ògiri àgọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju bí mo ti mọ̀ ọ́n lọ nígbà tí a bọ́ sójú ọ̀nà.

* * *

Mọbọ́lá kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò nínú epo tí ó ń fi sórí iná.

"Èmi ni mo fọ abọ́ náà, sà. Orí ẹja wà nínú rẹ̀."

"Odidi?"

"Odidi kẹ̀? Ó ti tú u palẹ̀ ráúráú, ó ti mu gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó wá to eegun sí etí abọ́ bí ẹní to ọmọ ayò. Bí Ajíbọ́lá ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Ṣé ó sọ fún ọ pé inú ń run òun?"

"Ó béèrè bóyá àkàrà kù."

A kúrò níbẹ̀. Mo yára bá a rìn dọ́gba. "Bàbá, ó yé mi wàyí. Ó jẹun, ó sì purọ́ pé òun kò jẹ. Òun ni ó fi májèlé sínú abọ́ Wahab."

"Ta ni ó sọ fún ọ pé májèlé wà nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Kí ló wá dé tí ó fi purọ́?"

"Ìyẹn gan-an ni mo ń lọ wò."

* * *

Ṣẹ́ẹ̀dì náà kò tóbi. Òpó igi ni wọ́n fi gbé e ró, wọ́n fi páànù bo orí rẹ̀ àti ara rẹ̀ yí ká, wọ́n sì fi pákó tẹ́ ilẹ̀ inú rẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà ba òwú jẹ́. Fáànù irin ńlá kan wà lára ògiri tí ń fẹ́ eruku òwú jáde. Wáyà iná mànàmáná ti ilé ẹ́ńjìnnì wá, ó gba ihò kan lára páànù wọlé sí ìdí fáànù. Bí fáànù ti ń yí ni gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì ń gbọ̀n.

Bàbá ti ọwọ́ òsì bọ àpò. Ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún kan ara páànù fẹ́ẹ́rẹ́.

Kò sí nǹkan kan.

"Kí ló dé tí ẹ ti ọwọ́ bọ àpò?"

"Bí iná bá gba ọwọ́ kan wọlé, tí ó gba ọwọ́ kejì jáde, àyà ni yóò gbà kọjá, ọkàn ẹni sì wà lójú ọ̀nà yẹn."

"Ẹ̀yìn ọwọ́ ńkọ́?"

"Iná a máa fún ọwọ́ pọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tí ó bá kàn án lè dì í mú, kí ó má lè jù ú sílẹ̀ mọ́."

Malam Yàkúbù tí ń wọn òwú ń wò wá láti orí àpótí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ ìlú Sáríà ni, Hausa ni ó sì fi bá bàbá sọ̀rọ̀, bàbá náà sì ń fi Hausa dá a lóhùn bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

"Malam, kí ni ẹ ń bẹ̀rù? Páànù yìí ni mo ń fẹ̀yìn tì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ̀yìn tì í ní Ọjọ́bọ̀ tí Wahab kú. Wallahi, kò ta mí rí."

Ìrètí mi já. Ògiri tí ènìyàn ń fẹ̀yìn tì láti òwúrọ̀, báwo ni yóò ṣe pa ẹlòmíràn lọ́sàn-án? Mo wo aago Yàkúbù. Aago méjìlá ti kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò bí n ó ṣe sọ fún Raliat pé a kò rí nǹkan kan.

Bí a ti dúró bẹ́ẹ̀ ni fáànù kú lójijì. Yàkúbù pòṣé.

"Fíùsì ti tún jó. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó ti ń ṣe wá báyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó jó ní Ọjọ́rú. Àná, ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?" ni bàbá wí.

Yàkúbù ronú díẹ̀. "Ọjọ́bọ̀? Alhamdulillahi, kò jó lọ́jọ́ yẹn. Fáànù ń yí títí a fi gbọ́ ariwo ikú Wahab."

Bàbá yíjú kúrò lọ́dọ̀ fáànù. Ó wo ilẹ̀ pákó tí Yàkúbù gbé ẹsẹ̀ lé. Ó wo sálúbàtà awọ tí ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde, mo sì tẹ̀ lé e yí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì.

Eruku ni gbogbo ilẹ̀ ọgbà náà, ọyẹ́ ti gbẹ ẹ́ títí ó fi là. Ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì nìkan ni ó tutù, nítorí ibẹ̀ ni omi gbígbóná tí ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ń ṣàn gbà. Ibẹ̀ ni àwọn ewúrẹ́ ti ń mumi, ibẹ̀ ni àwọn alábàárù ti ń bu omi àlùwàlá. Irun ewúrẹ́ funfun lẹ̀ mọ́ etí páànù níbi tí ẹranko ti ń fi ara họ ọ́. Nítòsí rẹ̀, wáyà bàbà kan ti ara ògiri sọ̀kalẹ̀ wọ inú ilẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ rọ̀, ẹnìkan ti wú u láìpẹ́. Ìpẹtà ti bo orí wáyà náà àti gbogbo ara ṣẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ìdè tí ó so ó mọ́ páànù ń dán bíi ṣíbí tuntun.

Ó nà ró.

"Sáré lọ pe ọ̀gá rẹ. Bí ó bá bi ọ́ ohun tí mo rí, sọ fún un pé mo rí ohun tí ó pa ewúrẹ́."

* * *

Kẹ̀kẹ́ tí mo yá gun kò ní bíréèkì. Nígbà tí mo dé àgọ́, wọ́n ti mú Raliat jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣẹkẹṣẹkẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀gá òyìnbó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó ń fi ọwọ́ sí ìwé ìrìn-àjò. Raliat wo ojú mi. Mo yíjú kúrò, nítorí n kò mọ ohun tí ojú mi ń sọ.

Ọ̀gá gbọ́ mi títí. Ó yọ aago rẹ̀ wò. Ó ní òun fún bàbá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tí a padà dé, bàbá ti yá gílóòbù kan, ó so wáyà méjì mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì so ìṣó gígùn kan mọ́ ẹnu wáyà kan. Ajíbọ́lá dúró tì í, epo ẹ́ńjìnnì dúdú ní ìka rẹ̀. Ọkùnrin ẹni ogójì ọdún ni, ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Ó ń nu ọwọ́ mọ́ àkísà láìdáwọ́ dúró.

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Bàbá tú wáyà bàbà náà kúrò lára páànù. Ó ní kí Ajíbọ́lá fi fíùsì tuntun sí i, kí ó sì tan iná padà. Ajíbọ́lá kò tètè lọ.

"Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ò ń bẹ̀rù?" ni bàbá bi í.

"Rárá, sà."

Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ṣẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá gun orí pákó nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Ó fi wáyà kan kan ara páànù, ó fi ìṣó kan pákó níbi ẹsẹ̀ Yàkúbù. Gílóòbù kò tàn. Ọ̀gá òyìnbó tún wo aago rẹ̀.

Bàbá gbé pákó kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí ẹrẹ̀, ó dúró lé e. Ó gún ìṣó bọ inú ẹrẹ̀, ó sì fi wáyà kejì kan páànù láti òde.

Gílóòbù tàn. Ó tàn, ó ṣẹ́jú, ó tún tàn, bí fáànù ti ń gbọn ògiri náà.

Ọ̀kan nínú àwọn alábàárù rọra fà sẹ́yìn kúrò nínú ẹrẹ̀.

"Ibí ni ẹsẹ̀ Wahab wà," ni bàbá wí, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá. "Ó ti fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ti kì í bọ bàtà awọ. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti ògiri kí ó lè gbé ẹsẹ̀ òsì fọ̀, ó fọ̀ ọ́ tán, ó gbé e sílẹ̀ sínú omi láìwọ bàtà."

Ọ̀gá ní kí ó ṣàlàyé bí ògiri kan náà yóò ṣe pa ẹni tí ó wà lóde, tí yóò sì fi ẹni tí ó wà nínú ilé sílẹ̀.

"Wáyà tẹligíráàmù mélòó ni ó lọ láti ibí dé Kánò? Ẹyọ kan. Èmi ni mo ta apá kan nínú rẹ̀. Iná tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ń gba orí òpó lọ, ilẹ̀ ni ó ń gbà padà. Ilẹ̀ ni wáyà kejì. Iná kì í wọ ibi tí kò bá ti ní ríbi jáde padà sí ilé rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yìí sì ti ri ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. Wáyà fáànù ti bó níbi tí ó ti ń ha ihò páànù, ìyẹn ni ó mú kí iná wọ gbogbo ara ògiri. Malam Yàkúbù dúró lórí pákó gbígbẹ, ó wọ awọ sẹ́sẹ̀. Iná dé ara rẹ̀, kò rí ọ̀nà kọjá. Ó dé ara ewúrẹ́ tí ó tẹ ẹrẹ̀, ó rí ọ̀nà. Ó gba àtẹ́lẹwọ́ Wahab, ó gba àyà rẹ̀, ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ òsì jáde. Dókítà rí ilẹ̀kùn méjèèjì."

"Fíùsì ńkọ́?" ni ọ̀gá wí. "Ó yẹ kí ó jó."

"Iná tí ó tó dá ọkàn ènìyàn dúró kò tó jó fíùsì, sà. Wáyà bàbà yìí ni wọ́n fi là ọ̀nà gbòòrò fún un. Bí wáyà bá bó, iná yóò rọ́ gba ibẹ̀ lọ sínú ilẹ̀, yóò pọ̀ tó láti jó fíùsì, gbogbo rẹ̀ yóò sì kú. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni fíùsì ti ń ké pé nǹkan ti bàjẹ́ lára wáyà. Ẹnìkan wá tú ọ̀nà náà kí igbe náà lè dákẹ́. Ó sì dákẹ́ ní Ọjọ́bọ̀."

Ó fi ẹ̀mú tí ó fi rọ́bà wé ní ìdí mú wáyà bàbà náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdè rẹ̀. Ó dún pàù ní ilé ẹ́ńjìnnì. Fáànù kú.

Bàbá yíjú sí Ajíbọ́lá. Ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Ajíbọ́lá, o mu orí ẹja Raliat tán ní Ọjọ́bọ̀. Kí ló dé tí o ní o dà á nù?"

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ Ajíbọ́lá.

"Máníjà ní bí ẹ́ńjìnnì bá tún dúró lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n kó ẹrù mi," ni ó wí. "Wọ́n ń retí òwú náà ní ibùdókọ̀ ojú irin. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni n ó fi tú wáyà náà, n ó wá ibi tí ó ti bó ní ọjọ́ Ìsinmi."

"O mọ̀ pé ó lè pa ènìyàn?"

"N kò mọ̀ ní Ọjọ́rú, sà. Ewúrẹ́ ni ó sọ fún mi. Mo rí ibi tí ó kú sí. Mo ní kí n lọ so wáyà náà padà. Ṣùgbọ́n fáànù ń yí, gbogbo ènìyàn ń yìn mí pé mo ti tún un ṣe. Mo ní bóyá ó jẹ nǹkan burúkú ni. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ pé ó jẹ nǹkan burúkú. Ìgbà tí wọ́n wá sọ pé májèlé ni ó pa Wahab, mo rí i pé bí mo bá ní mo jẹ nínú ẹja náà, wọn óò wá nǹkan mìíràn lọ."

"Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni o so ó padà?"

"Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé òkú Wahab lọ."

Ọ̀gá kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sọ fún mi kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí Ajíbọ́lá fọwọ́ sí i, kí n sì mú un wá. Mo kọ ọ́ lórí àpótí òwú.

* * *

A gbọ́ fèrè ọkọ̀ aago mẹ́rin nígbà tí mo ń ṣí ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́ Raliat. Ọkọ̀ náà lọ láìsí i nínú rẹ̀. Mo rò pé yóò sunkún, tàbí kí ó dúpẹ́. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó wo Bàbá Gilbert.

"Bàbá, ó dá yín lójú pé wáyà ni?"

"Ó dá mi lójú."

"Kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀?"

Bàbá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. "Kí ni ìwọ rò pé ó wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Ó fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí a jà tán, mo kírun, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó dí Wahab lọ́nà. N kò sọ bí yóò ṣe dí i. Láti ìgbà tí ẹ ti tì mí mọ́bí, èmi fúnra mi ń rò pé mo pa á."

N kò mọ ibi tí n ó gbé ojú sí. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí tí mo ń pè é ní apànìyàn nínú ìwé, òun náà sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tí ó tú wáyà ní orúkọ," ni bàbá wí fún un. "Ó ti fọwọ́ sí ìwé. Àdúrà rẹ kò sí nínú rẹ̀."

Ó mi orí. Ó so gèlè rẹ̀ dáadáa. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dé ilé Alfa Abdulganiyu, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti Wahab. Sarat wà lọ́dọ̀ wọn. Bí mo bá sọ ọ́ fúnra mi, wọn ò ní gbọ́."

A jọ lọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ọkùnrin tí ó wá bá Alfa kẹ́dùn dákẹ́ nígbà tí wọ́n rí obìnrin náà tí ó wọ agbo ilé. Raliat kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Bàbá Gilbert bọ́ fìlà, ó jókòó sórí ẹní, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà láti orí ewúrẹ́ dé orí fíùsì, bí ó ti sọ ọ́ fún òyìnbó gẹ́lẹ́. Nígbà tí bàbá parí, arúgbó náà fi ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Allah ya jiƙansa," kí Ọlọ́run ṣàánú òkú náà, gbogbo ilé sì ṣe àmín.

Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Raliat, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kò tíì tán. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, a óò jókòó, a óò sì gbọ́ tẹnu rẹ. Ṣùgbọ́n kí ó lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lónìí."

Wọ́n mú Sarat jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ó ti ga ju ẹni tí à ń pọ̀n lọ. Raliat tú ìborùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì pọ̀n ọ́n lọ sílé.